Ìlú tí olùgbọ́ ń kó ẹrù jáde lọ́dọọdún: ọ̀rọ̀ olórin kọ́ńtírì kan ní Athens, Georgia

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ọkùnrin kan gbé páálí bàtà ka orí tábìlì mi. Rìsíìtì ló kún inú rẹ̀: ti epo mọ́tò, ti okùn gìtá, ti oúnjẹ alẹ́ ẹni mẹ́rin, àti àwọn bébà pélébé tí ọtí ti dà sí débi pé iye owó orí wọn ti pa rẹ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Orin kọ́ńtírì, ìyẹn orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà, ló ń kọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ronú orin rẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó gbé e wá ni pé ó fẹ́ mọ ìdí tí àpò òun fi máa ń gbẹ ní oṣù keje lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé òun kì í sinmi láti oṣù kẹsàn-án. Onígìtá ni màá máa pè é níhìn-ín. Ó ti gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ náà, bí n kò bá ti dárúkọ òun.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe dé ibẹ̀. Ìṣirò owó orí fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe ni iṣẹ́ mi, ní Lawrenceville, ìlú tó wà láàrin Atlanta àti Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà. Awakọ̀, onídìrí, oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ilé wa. N kò ní olórin kọ́ńtírì kankan rí. Ṣùgbọ́n bàbá mi l'Abẹ́òkúta kì í jẹ́ kí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kọjá láìfi àwo Jim Reeves sí i, n kò sì lè gbọ́ irú orin yẹn kí òórùn ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata má sọ sí mi nímú. Nígbà tí Onígìtá wá sọ pé bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń bá òun ta pedal steel, ẹ̀rín pa mí. Gìtá yẹn ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń tẹ ìtẹ̀ lábẹ́. Mo fi orin King Sunny Adé kan ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 sí i létí lórí fóònù mi. Ó gbọ́ irin náà tó ń sunkún láàrin gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Sà, ta ló kọ́ wọn?" Sà ló ń pè mí. Àwọn ọmọ tó dàgbà lágbègbè oko ẹ̀pà ní gúúsù Georgia, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ wọn láti máa pe àgbà bẹ́ẹ̀.

Athens kì í ṣe ìlú ńlá. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka èèyàn bíi 127,000 níbẹ̀. Yunifásítì Georgia, tó ti wà láti ọdún 1785, ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 40,000. Èèyàn lè ronú pé ibi tí ọ̀dọ́ pọ̀ tó báyìí ni olórin yóò ti là. Òótọ́ ni pé ìlú olórin ni: ibẹ̀ ni R.E.M. àti B-52's ti bẹ̀rẹ̀, òkìkí ilé eré 40 Watt Club sì kàn jìnnà. Àmọ́ ẹni tó bá gbé Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022 á mọ bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kó lọ. Ọlọ́kadà, oníbúrẹ́dì, oní-fọ́tòkọ́pì, gbogbo wọn á máa wo ojú títì. Ní Athens, ọdọọdún ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀, láti àárín oṣù karùn-ún títí di àárín oṣù kẹjọ, láìsí ìyanṣẹ́lódì kankan.

Mo tú páálí náà, mo sì to àwọn rìsíìtì ní oṣù-oṣù. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ bá ń wọlé ní ìgbà kan tí kò wọlé ní ìgbà mìíràn, nítorí àròpọ̀ ọdún máa ń purọ́. Lọ́dún 2015, owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 31,000 dọ́là. Lẹ́yìn tó san ti onílù, ti onígìtá béèsì àti ti bàbá onípedal, tó ra epo, tó tún ẹ̀rọ ohùn ṣe, ohun tó kù fún un kò ju 13,000 lọ. Nínú oṣù mẹ́ta tí ìlú ń dá, gbogbo ohun tó pa kò pé 2,000. Àti pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe kì í dúró di òpin ọdún kó tó san owó orí. Ìgbà mẹ́rin ló ń san án, ọ̀kan nínú wọn sì bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà, àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn Athens. Kò sanwó náà rí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé yàtọ̀ sí owó orí gan-an, ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún apá tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀ ń lọ sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbà, èyí tí ọ̀gá iṣẹ́ ì bá bá a san ìdajì rẹ̀ ká ní ó ní ọ̀gá.

Ìtọ́jú tó rọrùn la kọ́kọ́ ṣe. A ṣí àpò owó mìíràn sí báńkì, ìdá kan nínú mẹ́rin owó òde kọ̀ọ̀kan sì ń bọ́ síbẹ̀ kí ó tó rí i. Ìyẹn ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kejì ni mo ṣì. Mo rí i nínú ìwé pé alẹ́ tó bá kọ orin olórin, ìyẹn àwọn orin tí gbogbo ayé ti mọ̀ láti orí rédíò, owó tó ń mú wálé máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta ti alẹ́ Tuesday, tó jẹ́ pé orin tirẹ̀ nìkan ló ń kọ fún bíi ogójì èèyàn ní ilé ọtí kékeré kan. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà ló pọ̀ jù. Bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sápá sáré, ń kó èèyàn tó lé ní 90,000 sínú pápá yunifásítì, àti ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran ló sì ń mu ọtí nígboro lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kó pa Tuesday tì, kó máa kọ orin olórin lálẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo ní kó ta gìtá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe é, nítorí ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ mi, èdè tí kò gbọ́ ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Owó wọlé lóòótọ́ láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá 2016. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2017, ilé ọtí méjì nínú mẹ́ta ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn olówó ilé ọtí náà léèrè, ó sì là mí lójú ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ. Ọtí ni mò ń tà, ó ní, n kì í ta orin. Ẹgbẹ́ olórin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kó ọgọ́ta ọ̀rẹ́ wá, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, nítorí òbí wọn ló ń san ilé fún wọn. Àwọn tí wọn kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún nínú ọ̀rẹ́ wọn kò lè ra ọtí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti pé tó láti gbé ilé náà. Bí orin olórin ni èèyàn bá ń kọ, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ dípò rẹ̀. Mo ti sọ oníbàárà mi di ọjà tí ó pọ̀ nígboro. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, orin méjì péré ló rí kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ogún orin kì í ṣòro fún un lọ́dún kan.

Ó padà sí Tuesday, kò bi mí.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Nashville, ní Tennessee, ibi tí iṣẹ́ orin kọ́ńtírì fìdí sí. Ọ̀nà náà lé ní 300 máìlì láti Athens. Aago ibẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn, torí náà èèyàn á jèrè wákàtí kan ní àlọ, á sì dá a padà ní àbọ̀. Ó máa ń jáde ní ọjọ́ Wednesday, á sùn sórí àga gbọọrọ ọ̀rẹ́ kan, á padà ní Friday kó lè bá òde alẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ orin níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lè má ti pàdé rí á wọ yàrá kan láàárọ̀ bí ẹni wọ ọ́fíìsì, wọ́n á fi orin kan jáde kí ọwọ́ ọ̀sán tó lọ, wọ́n á sì pín in dọ́gba. Àṣà wọn ni pé ẹni tó wà nínú yàrá ní ìpín, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ló sọ. Ìgbà mọ́kànlá ló lọ. Mo kọ máìlì gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ní sẹ́ǹtì 53.5 fún máìlì kan gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe gbà á lọ́dún yẹn. Àmọ́ ohun tí èèyàn yọ kúrò nínú owó orí kì í ṣe owó tó wà lápò. Orin mọ́kàndínlógún ló bá wọn kọ, kò sí olórin tó gba ìkankan sínú àwo. Ó ṣíwọ́ lílọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kò jọ nǹkan kan lójú mi nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ó pè mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó iṣẹ́, fún ìyàwó ọ̀ṣìngín. Obìnrin kan tó jáde ní yunifásítì lọ́dún 2013, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Charlotte, ní North Carolina, fẹ́ kó wá kọ orin kan níbi ìgbéyàwó òun. Orin tirẹ̀ ni o, kì í ṣe orin olórin. Ní ọdún tí bàbá obìnrin náà ń ṣàìsàn, gbogbo Tuesday ló fi ń wá jókòó gbọ́ ọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Iye tó san lálẹ́ ọjọ́ kan ju ohun tí Onígìtá ń rí ní oṣù keje lódindi lọ.

Mo kọ ìwé owó náà tán, oorun kò sì kun ojú mi. Ogójì èèyàn lálẹ́ Tuesday, mo ti rí wọn nínú ìṣirò mi gẹ́gẹ́ bí ogójì kan náà tí kò lè di ọgọ́rin. Irọ́ ni. Lọ́dọọdún ni apá kan nínú wọn ń wọ ẹ̀wù ìkẹ́kọ̀ọ́yege, tí wọ́n ń di ẹrù, tí ẹlòmíràn sì ń jókòó sí ààyè wọn. Láti ọdún 2011 ló ti ń kọrin lálẹ́ Tuesday. Àwọn tó ti kọjá níbẹ̀ á tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n wà ní Atlanta, ní Charlotte, ní Savannah, ní Birmingham, wọ́n ti rí iṣẹ́, wọ́n ti ní yàrá ìgbàlejò. Ohun tí mo ti kà sí àìsàn ìlú náà, pé àwọn olùgbọ́ kì í dúró, òun gan-an ló ń fọ́n irúgbìn ọkùnrin yìí káàkiri apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé ó na kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. A kàn jẹ́ kí wọ́n lọ láìgba orúkọ wọn ni.

A ra ìwé kan tó nípọn, a so bírò mọ́ ọn, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìgò tí wọ́n ń ju owó sí. Ìlà mẹ́rin la fà: orúkọ, ímeèlì, ọdún tí wọ́n máa jáde, ìlú tí wọ́n rò pé àwọn ń lọ. Ìlà kẹta àti ìkẹrin ni bàbá onípedal fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí, pé ṣé ọlọ́pàá ni mí. Ṣùgbọ́n àwọn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá kọ "2019, Savannah" ti sọ ìgbà tí ó yẹ ká kọ̀wé sí i àti ibi tí ó yẹ ká gbé mọ́tò gbà. Onígìtá tún wá àwọn ará ìṣáájú kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń júwe ẹlòmíràn. Nígbà tí ọdún 2019 fi máa parí, orúkọ tó wà nínú ìwé náà ti lé ní 1,100.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2019, nígbà tí Athens dá, òun náà kò sí nílé. Ó kọrin nínú ilé èèyàn mẹ́rìnlá. Onílé á kó ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n jọ sí yàrá ìgbàlejò tàbí ẹ̀yìnkùlé, oníkálukú á mú ogún dọ́là wá, kò sí olówó ilé ọtí láàrin, kò sí ẹ̀rọ ohùn tí èèyàn ń gbé. Òun àti gìtá àti bàbá onípedal nìkan ló ń lọ. Ní oṣù kẹsàn-án, ó san owó orí tó yẹ ní ọjọ́ tó yẹ, ó sì fi fọ́tò rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi bí ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kẹta ọdún 2020 dé, tí ilé ọtí gbogbo tilẹ̀kùn. Nǹkan méjì ló gbà á. Ó ń kọrin sí àwọn tó wà nínú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Tuesday, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́. Èkejì ni pé ìjọba àpapọ̀ gba àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe láàyè láti gba owó àìríṣẹ́ṣe, pẹ̀lú 600 dọ́là lé e lọ́sẹ̀ títí dé òpin oṣù keje. Iye tí wọ́n ń san lábẹ́ rẹ̀ dá lórí èrè tí èèyàn bá lè fi ìwé hàn. Ìwé ti Onígìtá wà ní mímọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta, tó ń pa owó tó jù ú lọ, tó sì ń gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, iye tó kéré jù ni wọ́n fún un. Mo ti rí ọ̀pọ̀ olórin tó ka owó orí sí ọ̀tá. Ọdún yẹn ni mo rí i pé ìwé owó orí nìkan ni ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ wọn ní pé iṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn.

Wàhálà tó kù wá láti inú ohun tó dára. Lọ́dún 2022, olórin kan ní Nashville fẹ́ gba ọ̀kan nínú orin mọ́kàndínlógún ìjọ́sí sínú àwo. Onígìtá pè mí lóru, ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Sà, ìlà méjì tó ṣáájú nínú orin yẹn, èmi kọ́ ni mo ni wọ́n." Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sọ wọ́n lọ́dún 2016, lórí àga ìta ilé kan l'Athens, tó tún sọ àkọlé rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì jọ kọ ìdajì ẹsẹ̀ kìn-ín-ní kí òjò tó lé wọn wọlé. Ó gbé e lọ sí Nashville, àwọn méjì bá a parí rẹ̀, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ kò sí nínú yàrá. Ó ti wá di lọ́yà ní Atlanta.

Òfin Amẹ́ríkà kò fún àkọlé orin ní ààbò, ṣùgbọ́n ìlà orin lè ní in. Bí ẹni méjì bá sì jùmọ̀ ṣe orin kan láìkọ àdéhùn, òfin lè kà á sí pé ọgbọọgba ni wọ́n ní in, bí ọ̀kan tilẹ̀ ṣe ju èkejì lọ. N kì í ṣe lọ́yà, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì júwe ẹni tó mọ̀ ọ́n fún un. Ṣùgbọ́n mo ní kó má dúró de ìdáhùn lọ́yà kankan kó tó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ó pè é kí orin náà tó dé rédíò, kí ọ̀rẹ́ náà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn nínú mọ́tò. Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí á ní mo ṣe àṣìṣe, pé mo jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ ko ara rẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ilé wa, ẹni tó bá tètè wá sọ, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bá a pín in.

Ó pè é. Ọ̀rẹ́ náà rántí òjò yẹn. Àwọn méjì tó wà ní Nashville kò gbà láti dín ìpín tiwọn kù, èèyàn kò sì lè bá wọn wí. Nínú ìdá mẹ́ta ti Onígìtá ni wọ́n ti yọ ọ́: ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀, tirẹ̀ wá di ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún orin náà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé kí àwo tó jáde, a sì fi orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ní BMI, àjọ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin tí rédíò àti ilé eré bá lò ó, àti ní àjọ tó ń gba owó orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní MLC, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2021. Kí ẹ lè mọ bí owó náà ṣe tó: lọ́dún 2023, iye tí òfin ní kí wọ́n san fún orin kan lórí àwo kan tí wọ́n tà jẹ́ sẹ́ǹtì 12. Ti Onígìtá nínú rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́ta. Rédíò ló mú èyí tó nítumọ̀ wá, ìyẹn náà kò sì tó kọ́ ilé. Ó fi ra mọ́tò tí kì í kú lójú ọ̀nà.

Nígbà tí a ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ yẹn ni mo tún rí i pé kò fi àkọsílẹ̀ orin tó ń kọ lálẹ́ Tuesday ránṣẹ́ sí BMI rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ètò kan tó ń san owó fún orin tí èèyàn bá kọ níwájú èrò, àní ní ilé ọtí kékeré. Ọdún mọ́kànlá. Ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ń gbà, èyí tó ti kọjá ti lọ. Èmi náà kò mọ̀ pé ètò bẹ́ẹ̀ wà títí di ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ Onígìtá ti ń sanwó fún mi láti ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà yẹn, olórin tó bá wá sọ́dọ̀ mi, ìbéèrè mi kò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí rìsíìtì mọ́. Mo ń béèrè orin tó kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó kọ ọ́, àti bóyá ìwé kankan wà tí wọ́n fọwọ́ sí kí wọ́n tó dìde. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fún wọn ní bébà kan lójú ẹsẹ̀.

Ìwé ẹ̀gbẹ́ ìgò owó ti di ẹ̀kẹta báyìí, Tuesday sì ń lọ. Ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni pé àwọn tó jáde lọ́dún 2013 ti bímọ. Wọn kò lè jókòó gbọ́ orin ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́. Òde inú ilé ti wá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọdé á máa sáré kiri láàrin àga, ọ̀kan ti da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sára gìtá. Bàbá onípedal ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ náà ń rá wọ abẹ́ irin òun, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ìtẹ̀ náà lójijì láàrin orin. Onígìtá ní èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, àti pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, ohùn tó jáde dára.